Gbèsè Òpó Vendôme: Bí Wọ́n Ṣe Gbé Owó Ilé Kíkọ́ Ka Ayàwòrán Lórí

Ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún ọdún 1877, wọ́n parí ìṣirò kan ní Paris tó ti wà nílẹ̀ láti bí ọdún mẹ́rin. Ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Gustave Courbet ni yóò san owó náà: 323,091 fránkì àti sáńtíìmù 68. Wọ́n wá ṣàánú rẹ̀ díẹ̀. Wọ́n ní kó máa san 10,000 fránkì lọ́dọọdún, èyí tó túmọ̀ sí pé ọdún 33 ni yóò fi san án tán. Courbet ń lọ sí ẹni ọdún 58 nígbà yẹn. Bí kò bá fo ọdún kan, yóò ti pé ẹni 90 kí gbèsè tó bọ́ lọ́rùn rẹ̀.

Òpó ńlá kan ló wó lulẹ̀ láàárín ìlú Paris lọ́dún 1871, ìjọba tún un kọ́, wọ́n sì ní òun ni kó sanwó rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò kan okùn tí wọ́n fi fa òpó náà. Lọ́jọ́ tí wọ́n pàṣẹ pé kí wọ́n wó o, kò tíì sí nínú ìgbìmọ̀ tó pàṣẹ náà. Síbẹ̀, nínú gbogbo àwọn tọ́rọ̀ kàn, òun nìkan ni wọ́n já ìwé gbèsè lé lọ́wọ́. Lójú tèmi, ẹnu rẹ̀ ló kó o sí i, ẹnu kan náà tó fi sọ ara rẹ̀ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ẹni tí kò bá mọ bí Courbet ṣe fi ariwo kọ́ orúkọ kò ní mọ ìdí tí ìjọba fi rí i kedere nígbà tí wọ́n ń wá ẹni tí wọ́n máa di ẹrù náà rù.

Ìlú Ornans ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1819, ìlú kékeré kan lẹ́bàá odò Loue, ní ìlà oòrùn ilẹ̀ Faransé, kò jìnnà sí ààlà Switzerland. Àgbẹ̀ tó nílẹ̀ ni bàbá rẹ̀, wọn ò tòṣì. Ó dé Paris ní ọmọ ogún ọdún, ó sì fi ohùn ará oko rẹ̀ ṣe fáàrí níbẹ̀, kò fi pa mọ́.

Iṣẹ́ tó gbé e síta ni àwòrán Ìsìnkú ní Ornans, tó yà láàárín ọdún 1849 sí 1850. Fífẹ̀ rẹ̀ lé ní mítà mẹ́fà àbọ̀, gíga rẹ̀ lé ní mítà mẹ́ta. Láyé ìgbà náà, irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ jẹ́ ti ọba, ti ẹni mímọ́, ti ogun àjàṣẹ́. Courbet kó àwọn aládùúgbò rẹ̀ sí i, wọ́n lé ní ogójì, ó ya kálukú tó bí èèyàn gidi ṣe tó. Ẹ wo iwájú àwòrán náà dáadáa. Ihò sàréè wà nísàlẹ̀ gan-an, etí àwòrán gé e, tó fi jẹ́ pé ẹsẹ̀ ẹni tó dúró wò ó ni ihò náà lanu sí. Agbẹ́lẹ̀ fi orúnkún kan kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ajá funfun kan yíjú sí ibòmíì, ọ̀rọ̀ òkú kò kàn án. Àwọn ìránṣẹ́ ìjọ méjì wọ aṣọ pupa, imú wọn náà pupa, ẹ sì mọ ohun tí í máa ń mú kí imú pupa. Àwọn obìnrin ń fi aṣọ nu ojú. Kò sí áńgẹ́lì kankan lókè, kò sẹ́ni tó ń gbé ọkàn olóògbé lọ sọ́run. Àpáta agbègbè Ornans ló tò sẹ́yìn wọn, ojú ọjọ́ sì ṣú.

Inú bí àwọn aṣelámèyítọ́ Paris. Wọ́n ní òbùrẹ́wà ló ń yà, wọ́n ní ó fi ará oko jókòó sórí àga ọba. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe nípa àwòrán àwọn tó ń fọ́ òkúta lójú títì, bàbá arúgbó kan àti ọmọdékùnrin kan tí aṣọ ti ya mọ́ lára, èyí tó ṣègbé lẹ́bàá Dresden lọ́dún 1945 nígbà ogun. Èsì Courbet kò yí padà: ohun tó wà, tí ojú rí, tí ọwọ́ lè bà, òun nìkan ni ayàwòrán lè yà. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ kan ní kó kọ́ wọn níṣẹ́ lọ́dún 1861, ohun tó kọ sínú lẹ́tà sí wọn nìyẹn. Èyí ni wọ́n ń pè ní Realism, ìlànà yíya ayé bó ṣe rí láìfi ṣúgà sí i.

Àwọn míì náà ń ya àgbẹ̀ àti òṣìṣẹ́ nígbà yẹn. Ohun tó ya Courbet sọ́tọ̀ ni ariwo. Lọ́dún 1855, Paris ṣe àfihàn ńlá tí gbogbo ayé wá wò. Ìgbìmọ̀ gba mọ́kànlá nínú iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n kọ àwọn tó tóbi jù, Ìsìnkú wà lára wọn, Yàrá Iṣẹ́ Ayàwòrán náà wà lára wọn. Ẹlòmíì ì bá lọ sílé lọ sunkún. Courbet kọ́ ilé àfihàn tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tìjọba, ó gbé bí ogójì iṣẹ́ kọ́ sínú rẹ̀, ó kọ Realism gàdàgbà sí ẹnu ọ̀nà, ó sì ń gba fránkì kan lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ wọlé. Èrò kò tó bó ṣe rò, ó ní láti já owó ìwọlé náà sí ìdajì. Àmọ́ orúkọ náà ti dúró. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1870, ìjọba Napoleon Kẹta fún un ní oyè Légion d'honneur, ó kọ̀ ọ́, ó sì gbé lẹ́tà tó fi kọ̀ ọ́ sínú ìwé ìròyìn kí gbogbo ayé lè kà á. Ó fẹ́ oyè náà lọ́nà kan, tẹ́ ẹ bá bi mí: ó fẹ́ kí wọ́n fi lọ òun kí òun lè rí i kọ̀.

Nísinsìnyí, òpó náà. Napoleon Kìíní ló kọ́ ọ láàárín ọdún 1806 sí 1810, ní ìrántí ogun Austerlitz. Òpó Trajan tó wà ní Róòmù ni wọ́n wò kọ́ ọ. Gíga rẹ̀ tó mítà 44. Òkúta ni inú rẹ̀, wọ́n sì fi idẹ wé ara rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dókè, 425 pèpéle idẹ tí wọ́n gbẹ́ ìtàn ogun náà sí lára, tó ń lọ́ yíká gòkè. Ara ìbọn àgbá tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọmọ ogun Rọ́ṣíà àti Austria ni wọ́n ti yọ́ idẹ ọ̀hún. Ère Napoleon ló dúró lórí rẹ̀.

Gbàgede Vendôme yìí kì í sinmi. Ère ọba Louis Kẹrìnlá ló wà níbẹ̀ kí òpó tó dé, wọ́n wó o lọ́dún 1792. Lọ́dún 1814 tí Napoleon ṣubú, àwọn ẹlẹ́yìn ọba sọ ère rẹ̀ kalẹ̀ látorí òpó, wọ́n sì fi idẹ rẹ̀ kún èyí tí wọ́n fi rọ ère ọba Henri Kẹrin tó wà lórí afárá Pont Neuf. Lọ́dún 1833 wọ́n tún gbé Napoleon míì gorí rẹ̀, èyí tó wọ kóòtù àti fìlà ológun. Lọ́dún 1863, Napoleon Kẹta sọ ìyẹn náà kalẹ̀, ó gbé òmíì sí i tó múra bí olú-ọba Róòmù. Gbogbo bí wọ́n ṣe ń gbé e tí wọ́n ń sọ ọ́ yìí, kò sẹ́ni tó tanná wá ẹnikẹ́ni pé kó wá sanwó.

Ní oṣù Keje ọdún 1870, Napoleon Kẹta gbógun ti Prussia. Ogun náà kò tó oṣù méjì tí wọ́n fi mú un ní Sedan. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án, wọ́n kéde ìjọba olómìnira ní Paris, àwọn ọmọ ogun Jámánì sì ń bọ̀ lọ́nà. Àwọn oníṣẹ́ ọnà dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ láti máa ṣọ́ àwọn ilé ìṣura ìlú, wọ́n fi Courbet ṣe alága. Ní ọjọ́ 14 oṣù náà, ó kọ̀wé sí ìjọba. Ó ní òpó Vendôme kò ní iyì kankan ní ti iṣẹ́ ọnà, pé ìrántí ogun àti ìjẹgàba ló ń gbé lárugẹ, pé kò bá ìjọba olómìnira mu. Ó ní kí wọ́n gba òun láyè láti tú u, tàbí kí ìjọba fúnra rẹ̀ tú u, kí wọ́n sì kó ohun èlò rẹ̀ lọ sí ilé tí wọ́n ti ń rọ owó.

Ẹ fi ọkàn sí ohun tó tọrọ yìí, torí orí rẹ̀ ni gbogbo ìgbèjà rẹ̀ dúró sí nígbà tó yá. Títú ló sọ, kí wọ́n yọ ọ́ ní ìdè-ìdè, kí wọ́n gbé e kúrò. Lẹ́yìn náà ó tún dá a lábàá pé kí wọ́n kó àwọn pèpéle idẹ náà lọ sí Invalides, níbi tí àwọn ológun wà. Ìjọba kò dá a lóhùn. Ìwé náà wá wọ inú fáìlì, ó jókòó síbẹ̀. Ẹyin lohùn, wọ́n ní bó bá bọ́, kì í ṣeé kó, àmọ́ ti Courbet burú jù bẹ́ẹ̀ lọ nítorí ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó fọwọ́ sí i, ó sì tún ń tún un sọ níbi tó bá ti rí èèyàn mẹ́ta. Ní òpin oṣù Kẹwàá, nígbà tí Jámánì ti ká Paris mọ́, ó kọ lẹ́tà gbangba sí àwọn ọmọ ogun Jámánì àti àwọn oníṣẹ́ ọnà wọn pé kí ìlú méjèèjì yọ́ ìbọn àgbá wọn pọ̀, kí wọ́n fi kọ́ òpó tuntun kan fún gbogbo ayé.

Ebi pa Paris mọ́lé títí ìlú fi túúbá ní oṣù Kìíní ọdún 1871. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta, àwọn ará ìlú kọ̀yìn sí ìjọba Thiers, ẹni tó ń darí ilẹ̀ Faransé nígbà náà, ìjọba sá lọ sí Versailles, wọ́n sì dìbò yan ìgbìmọ̀ tiwọn tí wọ́n ń pè ní Commune. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin, Commune pàṣẹ pé kí wọ́n wó òpó Vendôme lulẹ̀. Ọjọ́ 16 oṣù náà ni wọ́n tó dìbò yan Courbet wọ Commune láti àdúgbò kẹfà. Ọjọ́ mẹ́rin ló wà láàárín àṣẹ náà àti ìwọlé rẹ̀, àwọn tó ń gbèjà rẹ̀ kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé ọjọ́ mẹ́rin yẹn.

Mo fara mọ́ wọn, àmọ́ wọ́n máa ń fo ìpàdé ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin. Àkọsílẹ̀ ìpàdé ọjọ́ yẹn jáde nínú ìwé ìròyìn Commune fúnra rẹ̀: Courbet dìde, ó ní kí wọ́n mú àṣẹ lórí òpó náà ṣẹ. Ó ní wọ́n lè fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n wá fi ère kan tó dúró fún ìdìtẹ̀ ọjọ́ 18 oṣù Kẹta rọ́pò òpó náà. Kò sọ nǹkan kan nípa títú mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé ọwọ́ Courbet mọ́ pátápátá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dáhùn sí ojú ìwé yẹn. Ní tèmi, mo rò pé ó ti fẹ́ràn kí òun sọ̀rọ̀ kẹ́yìn lórí òpó yìí débi pé kò rí i pé àwọn míì ti gba ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ òun, wọ́n ti fi òòlù sí i.

Wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún ẹnjiníà kan. Wọ́n sún ọjọ́ síwájú lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà wọ́n mú ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún. Ọ̀nà tó gbà ṣe é kò ṣòro yé: ó bó idẹ kúrò nísàlẹ̀ òpó, ó gé òkúta ẹ̀gbẹ́ kan wọnú bí wọ́n ṣe ń gé ìrókò, ó fi ayùn ré e láti ẹ̀yìn, ó sì so okùn ńlá mọ́ òkè rẹ̀ tó wá wé mọ́ ẹ̀rọ ìfà tí wọ́n ri mọ́lẹ̀ ní ẹnu òpópónà de la Paix. Wọ́n da yanrìn, ẹ̀ka igi, koríko gbígbẹ àti ìgbẹ́ ẹṣin jọ síbi tó máa ṣubú sí, kí ilẹ̀ má baà mì ju. Àwọn onílé àdúgbò lẹ bébà mọ́ gíláàsì fèrèsé wọn. Ẹgbẹ́ olórin ológun ń kọrin, àwọn èèyàn kún inú òpópónà fọ́fọ́.

Ní nǹkan bí aago mẹ́ta àbọ̀, ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí, okùn le tantan, ẹ̀rọ já. Àwọn kan fara pa. Àwọn kan nínú èrò ti ń sọ pé wọ́n ti ta ẹnjiníà. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n tún fà á. Ní bí aago márùn-ún àbọ̀, òpó náà tẹ̀, ó ṣẹ́ sí wẹ́wẹ́ lófuurufú kó tó kanlẹ̀, eruku bo gbogbo gbàgede. Nígbà tí eruku wálẹ̀, Napoleon wà lórí koríko pẹ̀lú ọrùn tó já. Wọ́n ri àsíá pupa mọ́ orí ìpìlẹ̀ tó ṣẹ́kù. Ayafọ́tò Bruno Braquehais ya àwọn èèyàn tó dúró yí ère tó ṣubú náà ká. Ọkùnrin onírùngbọ̀n kan wà lẹ́yìn nínú ọ̀kan nínú àwọn fọ́tò ọ̀hún, àwọn kan ní Courbet ni, àwọn kan ní irọ́ ni. Ẹ ò rí nǹkan: ẹni tó ní ohun tójú rí nìkan lòun gbà, fọ́tò ni wọ́n ń fi wá a.

Kò tó ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà tí àwọn ọmọ ogun Versailles wọ Paris. Láti ọjọ́ 21 sí 28 oṣù Karùn-ún, wọ́n pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, iná sì jó ààfin Tuileries àti gbọ̀ngàn ìlú. Wọ́n mú Courbet ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹfà.

Ìgbẹ́jọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ níwájú ilé ẹjọ́ ológun ní Versailles nínú oṣù Kẹjọ, pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Commune míì. Agbẹjọ́rò Lachaud ló ṣojú rẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀sùn púpọ̀ kàn án: pé ó bá wọn dìtẹ̀ gbàjọba, pé ó gba ipò tí kì í ṣe tirẹ̀, títí dórí pé ó kó nǹkan nínú ilé Thiers nígbà tí Commune wó ilé náà. Èyí tó lẹ̀ mọ́ ọn lára ni pé ó lọ́wọ́ sí wíwó òpó. Ó sọ ohun tó ti ń sọ bọ̀: pé títú lòun fẹ́, pé òpó náà burẹ́wà, pé ó dí ọ̀nà. Àwọn ológun tó jókòó síwájú rẹ̀ ni ó ń sọ fún pé òpó ìṣẹ́gun wọn burẹ́wà. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án, wọ́n dájọ́ ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà fún un àti ìtanràn 500 fránkì. Nínú ìgbẹ́jọ́ kan náà ni wọ́n ti dájọ́ ikú fún Théophile Ferré, wọ́n sì yìnbọn pa á ní oṣù Kọkànlá. Lójú àwọn tó mọ bí nǹkan ṣe rí nígbà náà, orí ti yọ Courbet.

Ó ti ṣe nǹkan kan tí yóò padà wá fọ́ ọ lójú. Lọ́dún 1871 náà, kí ẹjọ́ tó le, ó kọ̀wé sí mínísítà Jules Simon pé bí wọ́n bá lè fi hàn pé òun lòun jẹ́ kí òpó náà wó, òun máa tún un kọ́ lówó ara òun. Ẹ̀gàn ló fi ń sọ ọ́, tàbí ìdánilójú. Ìjọba tọ́jú lẹ́tà yẹn.

Ẹ̀wọ̀n Sainte-Pélagie ni wọ́n fi í sí. Kò rí ẹni yà níbẹ̀, ló bá ń ya èso àti òdòdó tí àwọn ará ilé rẹ̀ gbé wá: ápù pupa, ápù tí ara rẹ̀ ti ń rọ. Ara rẹ̀ kò yá, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Neuilly, ibẹ̀ ló ti parí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 1872. Nígbà tó fi iṣẹ́ méjì ránṣẹ́ sí àfihàn ọdọọdún tìjọba lọ́dún náà, Meissonier tó jẹ́ ayàwòrán ogun ṣáájú àwọn tó kọ̀ ọ́. Wọn ò sọ pé àwòrán náà kò dáa. Ọwọ́ tó yà á ni wọ́n kọ̀.

Èyí tó dára jù nínú iṣẹ́ àsìkò yẹn, lójú mi, ni ẹja kan. Ọ̀kan wà ní Zürich, òmíì wà ní Musée d'Orsay ní Paris. Ẹja odò tó tóbi, wọ́n ti fà á dé orí òkúta wẹ́wẹ́. Ìwọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀, ẹnu rẹ̀ là, ẹ̀jẹ̀ ń jáde níbi ìjàgbá rẹ̀. Ojú rẹ̀ kan ṣoṣo tó hàn ranjú mọ́ èèyàn. Okùn ìwọ̀ náà nà gbọnrangandan, ó gba etí àwòrán jáde, a ò sì rí ẹni tó dì í mú. Courbet kọ ọ̀rọ̀ Látìn kan sí ara èyí tó wà ní Zürich pé nínú ìdè lòun ti yà á, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti tú u sílẹ̀ nígbà tó yà á, ní Ornans, lẹ́bàá odò bàbá rẹ̀. Ọkùnrin tó ní òun kì í ya ohun tójú òun kò rí ló purọ́ ọjọ́ sí ara ẹja. Mo dárí jì í.

Ó lè parí síbẹ̀. Ọdún 1872 yẹn dára fún un gan-an, àwọn oníbàárà ń béèrè iṣẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, ó sì gba ọmọ iṣẹ́ kún ara rẹ̀. Àmọ́ ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún 1873, Thiers kúrò lórí oyè, Ọ̀gágun MacMahon gba ipò ààrẹ, àwọn tó ń fẹ́ ọba àti àwọn ọmọlẹ́yìn Napoleon sì rí àyè. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ilé aṣòfin fi fọwọ́ sí i pé kí wọ́n tún òpó náà kọ́, kí Courbet sì sanwó rẹ̀. Wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé àwọn àwòrán rẹ̀ àti owó tó wà ní báńkì.

Ẹ jẹ́ ká ro èyí wò bí ẹni tó ń yẹ ìwé ẹjọ́ wò. Ilé ẹjọ́ ológun ti dájọ́ rẹ̀ lórí òpó náà, ó ti ṣẹ̀wọ̀n, ó ti san ìtanràn. Nísinsìnyí wọ́n tún gbé ẹjọ́ owó dìde lórí ẹ̀ṣẹ̀ kan náà. Òfin gbà á láyè, ìyà ọ̀daràn lọ́tọ̀, owó ìbàjẹ́ lọ́tọ̀. Àmọ́ àwọn tó fọwọ́ sí àṣẹ ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin ńkọ́? Òmíràn ti kú, òmíràn ti sá lọ sí London, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò ní kọ́bọ̀. Félix Pyat tó dúró lẹ́yìn wíwó òpó náà gbóńgbó wà lẹ́yìn odi. Courbet nílé, ó nílẹ̀, ó ní àwòrán tó ṣeé tà, orúkọ rẹ̀ sì ni gbogbo ìwé ìròyìn ti fi ń yẹ̀yẹ́ lórí òpó náà láti ọdún 1870. Ìwé tó kọ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà ṣì wà nínú fáìlì. Lẹ́tà tó kọ sí Jules Simon náà wà níbẹ̀.

Ní ọjọ́ 23 oṣù Keje ọdún 1873, ó sá kọjá ààlà lọ sí Switzerland.

Nígbà tí ẹjọ́ náà ń lọ, nǹkan míì ń ṣẹlẹ̀ ní Paris nítòsí òpó yẹn gan-an. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ọdún 1874, àwọn ayàwòrán Monet, Renoir, Pissarro, Degas, Sisley, Berthe Morisot àtàwọn míì ṣí àfihàn tiwọn ní ilé tí ayafọ́tò Nadar ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, nọ́ńbà 35 ní boulevard des Capucines. Láti ibẹ̀ dé gbàgede Vendôme, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni fún ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn, àwọn òṣìṣẹ́ sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń to òpó náà padà. Fránkì kan ni owó ìwọlé. Ibẹ̀ ni orúkọ tí wọ́n wá ń pe àwọn ayàwòrán yìí, Impressionist, ti jáde bí èébú. Àfihàn náà parí ní àárín oṣù Karùn-ún. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà, ilé ẹjọ́ ní Paris dá a pé Courbet jẹ gbèsè òpó.

Ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n, bí wọn ò tilẹ̀ sọ ọ́. Ó ya Monet lówó nígbà kan, ó sì jẹ́rìí níbi ìgbéyàwó rẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 1870. Kíkó iṣẹ́ ẹni jáde láìdúró de ìgbìmọ̀ ìjọba, kí èèyàn gba owó ìwọlé fúnra rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ti rí i, lọ́dún 1855. Yíya omi òkun àti yìnyín pẹ̀lú kùn tó nípọn, tí wọ́n fi ọ̀bẹ kùn tẹ́, ọwọ́ rẹ̀ náà ni. Ohun tí wọn ò mú ni ẹnu. Wọ́n ya títì tó kún fún kẹ̀kẹ́ ẹṣin, ọkọ̀ ojú omi lórí odò Seine, obìnrin tó di agboòrùn mú, wọn ò sì ya nǹkan kan nínú ahoro ogun àti Commune tó yí wọn ká, àyàfi ká wá a tì. Lẹ́yìn ohun tójú Courbet rí, n kò lè dá wọn lẹ́bi.

La Tour-de-Peilz ni Courbet fìdí kalẹ̀ sí lẹ́bàá adágún Geneva, nínú ilé kan tó ti fìgbà kan jẹ́ ilé ìgbafẹ́ àwọn apẹja, tí wọ́n ń pè ní Bon-Port. Ó ń ya ilé olódi Chillon lóríṣiríṣi, torí àwọn arìnrìn-àjò ń rà á. Ó ní láti tà kó lè rí owó gbèsè, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ kí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, Cherubino Pata àtàwọn míì, bá òun yà nínú iṣẹ́ tó ń fọwọ́ sí. Títí dòní, ẹni tó bá mú Courbet àsìkò Switzerland lọ fún àwọn onímọ̀ máa ń kó wọn sí wàhálà. Wáìnì funfun wá di oúnjẹ rẹ̀. Síbẹ̀ ó rọ ère orí obìnrin kan tó dúró fún òmìnira, ó fi ta ìlú náà lọ́rẹ lọ́dún 1875 nítorí pé wọ́n gbà á.

Ọdún yẹn kan náà ni ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fi òǹtẹ̀ lu ìdájọ́ tó wà nílẹ̀, ní oṣù Kẹjọ. Òpó náà parí, wọ́n gbé Napoleon tí wọ́n tún ṣe padà gorí rẹ̀ ní òpin oṣù Kejìlá. Gbogbo rẹ̀ ti wà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ó ku owó. Ìgbà tí iye rẹ̀ jáde ní oṣù Karùn-ún 1877 ni Courbet gbà láti máa san án díẹ̀díẹ̀, kó lè padà wá ilé. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kọkànlá, wọ́n kó àwọn àwòrán àti ẹrù tí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé sí gbàǹjo ní Hôtel Drouot. Bí 12,000 fránkì ni gbogbo rẹ̀ mú wọlé.

Sísan àkọ́kọ́ máa bọ́ sí ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 1878. Ikùn rẹ̀ ti wú fún omi nígbà náà, bàbá rẹ̀ arúgbó ti wá dúró tì í láti Ornans. Ó kú ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1877. Kò san ìdá kankan nínú mẹ́tàlélọ́gbọ̀n náà.

Wọ́n sin ín sí La Tour-de-Peilz. Lọ́dún 1880, ìjọba dárí ji àwọn tó kù nínú Commune. Lọ́dún 1881, àbúrò rẹ̀ obìnrin, Juliette, fi Ìsìnkú ní Ornans ta ìjọba ilẹ̀ Faransé lọ́rẹ, wọ́n sì gbà á. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ṣe àfihàn ńlá fún un ní ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ìjọba, níbi tí wọn ò ti ní jẹ́ kó kọ́ ẹnikẹ́ni láyé rẹ̀. Egungun rẹ̀ padà sí Ornans lọ́dún 1919. Lọ́dún 1920, ilé ìṣura Louvre ra Yàrá Iṣẹ́ Ayàwòrán, èyí tí ìgbìmọ̀ ọdún 1855 kọ̀, ní 700,000 fránkì, apá kan láti ọwọ́ ìjọba, ìyókù láti ara owó tí àwọn ará ìlú dá jọ. Fránkì ọdún 1920 kò lágbára tó ti 1877, ogun ti jẹ ẹ́, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má kàn fi nọ́ńbà méjèèjì wéra pé ìjọba san gbèsè padà ní ìlọ́po méjì. Ohun tó dájú ni pé àwòrán kan ṣoṣo ni wọ́n san owó yẹn fún.